Dọ́là mẹ́wàá lórí ìwọ̀: bí New York ṣe gbé ìwé àṣẹ ẹja òkun dé, tó sì fagi lé e

Títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, kò sí ìwé kankan tí ènìyàn nílò kó tó lè fi ìwọ̀ pẹja òkun ṣeré ní ìpínlẹ̀ New York. Ì báà dúró sórí afárá ìpẹja Canarsie ní Brooklyn, ì báà gun àpáta Montauk ní ìparí Long Island, ọ̀pá, okùn àti ìdẹ ti tó fún un. Ẹni tó ń pẹja nínú odò àti adágún ti ń ra ìwé àṣẹ tipẹ́tipẹ́, àmọ́ omi iyọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, òfin tuntun wọlé: ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ kó tó ju ìwọ̀ sómi iyọ̀, dọ́là 10 lọ́dún fún ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà, dọ́là 15 fún àlejò. Kò pé ọdún méjì tí òfin náà fi kógbá sílé, tí ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ sì gba ipò rẹ̀.

Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń sọ pé ìjọba fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, mẹ̀kúnnù sì yarí. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì délẹ̀. Kì í ṣe owó ló bí ìwé àṣẹ náà, ẹja kíkà ni. Lójú tiwa, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ju ìwọ̀ sókun forúkọ sílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó fún un àfi bí owó náà bá ní àpò tirẹ̀, tí gbogbo ayé lè yẹ inú rẹ̀ wò. New York da méjèèjì pọ̀, ohun tó sì sọ ọ́ di ẹjọ́ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ka ẹja tí kò dé ọjà

Ọkọ̀ ìpẹja tó ń ṣòwò máa ń kọ iye tó pa sílẹ̀, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ náà á kọ tirẹ̀, ìjọba á sì gbé ìwé méjèèjì kan ara wọn. Apẹja ìgbafẹ́ kì í tajà. Ó pa mẹ́ta, ó dá méjì padà sómi, ó gbé ọ̀kan lọ sílé, ó parí.

Láti ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi ìwádìí kan tó ní ẹsẹ̀ méjì wá ìdáhùn. Ẹsẹ̀ kìíní wà létí omi. Òṣìṣẹ́ á dúró sí èbúté, sórí afárá ìpẹja, tàbí níbi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ kéékèèké sómi, á máa bi àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìpẹja léèrè. Ẹja tó bá fojú ara rẹ̀ rí, á wọn gígùn rẹ̀, á gbé e sórí ìwọ̀n. Èyí tí wọ́n ti gé tàbí tí wọ́n ti fi ṣe ìdẹ, á kọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n dá padà láàyè, ìyẹn náà á wà lọ́tọ̀. Ohun tó ń wá ni iye ẹja tí ènìyàn kan ń pa bó bá jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ kejì ni tẹlifóònù. Oṣù méjì-méjì ni wọ́n ń pe àwọn ilé tó wà ní agbègbè etíkun: ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí lọ pẹja òkun? Ìgbà mélòó? Ṣé etí omi ló dúró sí ni, àbí inú ọkọ̀ ló wà? Láti ibẹ̀ ni iye ìjáde ti ń wá, wọ́n á sì wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ká ní ìjáde 100,000 ló wà, tí ìjáde méjì sì ń mú ẹja kan wálé ní ìpíndọ́gba, a jẹ́ pé ẹja 50,000 ti kúrò lómi.

Ẹsẹ̀ ti etí omi ní àléébù tirẹ̀. Ti tẹlifóònù ló ń yẹ̀ jù. Nọ́ńbà tó bá ṣáà ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà ni kò sì sí ẹni tó di ọ̀pá ìwọ̀ mú níbẹ̀ rí, nítorí náà ìdáhùn tó wúlò kì í tó nǹkan. Níbi tí ìdáhùn bá sì ti kéré, ẹnì kan ṣoṣo tó gbàgbé, tó ní òun jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nígbà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja kún ìṣirò ìpínlẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń já tẹlifóònù ilé sílẹ̀, tí wọ́n ń lo alágbèéká nìkan, àwọn ilé bẹ́ẹ̀ sì ń bọ́ kúrò nínú ìwádìí díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2006, National Research Council, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn, tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dá a lábàá pé kí ìwé orúkọ kan wà fún gbogbo apẹja ìgbafẹ́ lójú òkun ní Amẹ́ríkà, kí ẹni tó ń pe tẹlifóònù lè mọ ilé tó yẹ kó pè.

Ẹja tó dá New York lọ́gbẹ́

Ìpínlẹ̀ tí ìṣirò yìí ta lára ju ọ̀pọ̀ lọ ni New York, ẹja tó sì fà á ni summer flounder, èyí tí gbogbo apẹja ibẹ̀ mọ̀ sí fluke. Ẹja pẹlẹbẹ ni, inú iyanrìn ló ń bo ara rẹ̀ sí, ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ etíkun pín iye fluke tí apẹja ìgbafẹ́ lè pa láàárín ara wọn, iye tí ìwádìí ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pa ní ọdún 1998 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọdún kan ṣoṣo. Ohun tí ìwádìí bá ṣáà ti sọ nípa ọdún yẹn, ìpín ìpínlẹ̀ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ìṣirò ọdún mìíràn bá wá fi hàn pé ìpínlẹ̀ kan ti kọjá ìpín rẹ̀, ohun mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: kó fi kún gígùn ẹja tí ènìyàn lè gbé lọ sílé, kó dín iye rẹ̀ kù, tàbí kó gé sáà ìpẹja kúrú.

Ní ọdún 2009, fluke tó bá máa wọlé ní New York gbọ́dọ̀ gùn tó ínṣì 21, méjì péré sì ni ẹnì kan lè gbé lóòjọ́. Ní New Jersey, ní òdìkejì omi, ínṣì 18 ni, ẹja mẹ́fà. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ méjì tó wà lórí Raritan Bay, omi kan náà, ẹja kan náà, tí àwọn méjèèjì fa fluke alínṣì 20 sókè. Ará New Jersey á jù ú sínú yìnyín. Ará New York á tú ìwọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, á dá a padà. Àwọn onímọ̀ ẹja sì gbà pé nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá dá padà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á kú. Bí gígùn tí òfin ń béèrè bá sì ti ń lọ sókè, abo fluke ló ń kù tí ènìyàn lè gbé lọ sílé, nítorí akọ kì í sábà dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń yé ẹyin ni òfin ọ̀hún wá ń tì sínú ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn tó ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé apẹja jáde ní Sheepshead Bay àti Captree ń pàdánù oníbàárà, torí ta ni yóò san owó ọkọ̀ nígbà tó mọ̀ pé òfo lòun á gbé lọ sílé?

Inú ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún apẹja New York pé kó mú dọ́là 10 wá.

Bí òfin ṣe wọlé

Ilé aṣòfin àpapọ̀ ti tẹ́wọ́ gba àbá ìwé orúkọ náà nígbà tí wọ́n tún òfin ẹja òkun tó ń jẹ́ Magnuson-Stevens ṣe, Ààrẹ George W. Bush sì buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2007. Ìlànà tó ti ibẹ̀ jáde ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2010, ẹni tó bá ń pẹja ṣeré nínú omi ìjọba àpapọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní máìlì ojú òkun mẹ́ta sí etíkun New York, gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé orúkọ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń dúró létí omi lè rò pé kò kan òun. Ó kàn án, nítorí òfin náà tún mú ẹja tó ń ti òkun wọ odò lọ yé ẹyin, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pa á. Striped bass, ẹja tí àwọn ará New York fẹ́ràn gan-an, ń yé ẹyin sínú odò Hudson, ó sì ń jáde lọ sókun. Ẹni tó bá ju ìwọ̀ síbi tí striped bass ti lè jẹ ẹ́, òfin ti mú un.

Ìpínlẹ̀ tó bá ní ìwé orúkọ tirẹ̀ tó péye lè yọ àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò nínú ti Washington, ìyẹn ìjọba àpapọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ti Washington fún ọdún àkọ́kọ́, àmọ́ òfin fún wọn láyè láti máa gbowó láti ọdún 2011. Ohun tó wà níwájú New York kò ju èyí lọ: kí Washington kọ orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀, kó sì ṣeé ṣe kí owó wọn máa lọ síbẹ̀, tàbí kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn sì tọ́. Ibi tó ti ṣì í ni pé inú ìsúná ọdún 2009, lábẹ́ Gómìnà David Paterson, ni wọ́n ki òfin náà bọ̀, lásìkò tí ìpínlẹ̀ ń wá owó lójú méjèèjì. Nínú ìsúná kan náà ni owó ìwé àṣẹ omi aláìníyọ̀ ti fò láti dọ́là 19 sí 29. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ka méjèèjì pọ̀ kó má pè é ní owó-orí. Bí wọ́n bá ti gbé ìwé orúkọ náà wá lọ́tọ̀, tí wọ́n gbé òfin fluke sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní "ìwádìí tó fún yín ní ínṣì 21 la fẹ́ fi èyí tún ṣe," ọ̀pọ̀ ni ì bá forúkọ sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Àṣẹ ọdún 1686

Ìlà oòrùn Long Island ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Àwọn ìlú bíi Southampton, East Hampton àti Shelter Island kóra jọ, wọ́n pe ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n gbé sọ́wọ́ ju ìpínlẹ̀ New York lọ lọ́jọ́ orí, ó ju orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ lọ pẹ̀lú: ìwé àṣẹ tí Gómìnà Thomas Dongan, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, fún Southampton àti East Hampton ní ọdún 1686, tó fi ilẹ̀, omi àti ẹ̀tọ́ ìpẹja lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Ìwé náà kì í ṣe ohun àtijọ́ lásán. Títí di òní, àwọn ìlú méjèèjì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ Trustees tí ìwé náà gbé kalẹ̀, ìgbìmọ̀ yìí ló sì ń bójú tó ìsàlẹ̀ omi ọ̀sà wọn. Àwíjàre wọn ni pé ìpínlẹ̀ kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ní New York, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Supreme Court ni ilé ẹjọ́ tí irú ẹjọ́ báyìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ń parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ìlú náà láre ní ọdún 2010, pé ìpínlẹ̀ kò lè fi ìwé àṣẹ yìí de àwọn tó ń pẹja nínú omi wọn. Ẹ wo ibi tí èyí gbé ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó ń pẹja ní Shinnecock Bay, ní Southampton, bọ́. Ẹni tó wà ní Jamaica Bay, nínú ìlú ńlá New York, tí kò ní ìwé ọba Gẹ̀ẹ́sì kankan lẹ́yìn, ló kù tó ń sanwó. Ìwé orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi mọ iye apẹja sì ti dihò ní ibi tí ẹni tó ń pẹja òkun ti pọ̀ jọjọ.

Àwíjàre àwọn ìlú náà lágbára ní ti ẹni tó ni ilẹ̀. Ní ti ẹja, kò dúró. Striped bass tí wọ́n bí ní Hudson lè wà ní Massachusetts nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni tó bá pa á níbikíbi ti yọ ọ́ kúrò nínú ìpín gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìlú lè kọ owó, ṣùgbọ́n kò yẹ kó kọ kíkà.

Ohun tí ọ̀fẹ́ ná wọn

Ní ọdún 2011, lẹ́yìn tí Andrew Cuomo ti di gómìnà, wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ náà. Ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀ títí di òní. New Jersey náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún kan náà.

Ọ̀fẹ́ ní iye tó ń ná ni, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Láti ọdún 1950 ni òfin ti ya owó-orí orí irinṣẹ́ ìpẹja ní Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹja. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi tà á ni lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ti wà nínú iye tí apẹja ń san kó tó gbé ọ̀pá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Owó yìí, pẹ̀lú owó-orí epo ọkọ̀ ojú omi, ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ń tẹ̀ lé bí ilẹ̀ àti omi ìpínlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ìdá 60 sì ń tẹ̀ lé iye ènìyàn tó san owó ìwé àṣẹ ìpẹja. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò sí nínú iye yẹn. Ará Queens tí kì í pẹja níbòmíràn ju inú òkun lọ ń san owó-orí lórí ọ̀pá rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pín in, bí ẹni tí kò sí ló rí.

Ní Massachusetts, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Dọ́là 10 ni ìwé àṣẹ omi iyọ̀ níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, ẹni tó bá ti pé 60 ọdún kò sì ní san án. Owó náà ní àpò tirẹ̀ tí òfin dá sílẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ sórí ohun tí yóò jẹ́ kí ará ìlú lè dé etí omi. Afárá ìpẹja Oak Bluffs ní erékùṣù Martha's Vineyard wà lára ohun tó tìdí rẹ̀ jáde. Ẹni tó san dọ́là 10 lè lọ dúró lórí rẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ìyẹn tí New York fi han apẹja ní 2009, ká sì ní ó wà ni, ẹjọ́ àwọn ìlú lè máà yí padà, ṣùgbọ́n ìbínú àwọn ará ìlú ì bá rọlẹ̀.

Bó ṣe rí fún ẹni tó fẹ́ ju ìwọ̀ sómi lónìí

Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ náà, DEC, ló ń ṣe ìforúkọsílẹ̀. Ènìyàn lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ìlú tí wọ́n ti ń ta ìwé àṣẹ omi aláìníyọ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ni wọ́n ń gbà. Ọdún kan ló ń lò láti ọjọ́ tí ènìyàn forúkọ sílẹ̀, kí ẹni náà sì mú un dání nígbà tó bá ń pẹja.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn rò pé ìwé àṣẹ omi aláìníyọ̀ tó ra ti bo òkun. Kò bò ó. Èkejì ni ti ẹni tó jáde pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń gbé apẹja, níbi tí kò ti nílò ìforúkọsílẹ̀ torí pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwé, tó wá dúró sórí afárá lọ́jọ́ kejì láìní nǹkankan. Lórí odò Hudson, ẹni tó ń wá striped bass nílò ìforúkọsílẹ̀ omi iyọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò ló wà.

Ní ti striped bass fúnra rẹ̀ nínú omi iyọ̀, ọ̀kan lóòjọ́ ni, gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ínṣì 28 sí 31. Bí ìdẹ bá jẹ́ ohun ẹlẹ́ran-ara, bí ekòló òkun tàbí ẹja gígé, circle hook ni kó lò, ìwọ̀ tó ká bìrìkìtì, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú padà sí ara ìwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kí ó má fà á tagbáratagbára nígbà tí ẹja bá jẹ ẹ́. Kí ó jẹ́ kí okùn le, kó sì máa yí i wọlé, ìwọ̀ á gún un létí ẹnu dípò kó gbé e mì. Àwọn òfin gígùn àti iye ń yí padà, nítorí náà kí ó yẹ ojú ìwé DEC wò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé orúkọ náà lónìí

Tẹlifóònù ti kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 2018 ni ìwádìí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ ti di èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń lò, ó ń mú àdírẹ́sì ilé àti ìwé orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ bára mu kí ìwé tó pọ̀ lè dé ilé tí apẹja wà. Iye ìjáde tó mú wá pọ̀ ju ti tẹlifóònù lọ fíìfíì. Ti fluke pàápàá, ní ọdún 2014 wọ́n pa New York, New Jersey àti Connecticut pọ̀ sábẹ́ òfin kan, ínṣì 18 fún gbogbo wọn lọ́dún yẹn.

Síbẹ̀, ní ọdún 2023, NOAA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí náà, kéde pé bí wọ́n ṣe to ìbéèrè inú ìwé ìwádìí náà lè mú kí àwọn ènìyàn sọ iye tó ju èyí tí wọ́n jáde lọ. Nígbà tí wọ́n yí i padà fún ìdánwò, iye ìjáde dín ní nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. New York kò ní láti dúró de Washington lórí èyí. Gbogbo apẹja ń padà wá sójú ìwé DEC lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti tún orúkọ rẹ̀ kọ. Kí wọ́n fi ìbéèrè méjì kún un: ìgbà mélòó lo jáde ní oṣù méjì tó kọjá, etí omi ni àbí inú ọkọ̀? Kí wọ́n tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ díẹ̀ nínú wọn ní oṣù keje, nígbà tí fluke ń jẹ ìwọ̀ dáadáa tí ọjọ́ sì wà lọ́kàn wọn. Orúkọ àti nọ́ńbà wọn ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2011.